Andrew Foster, Adití Tó Wá Dá Ilé-Ìwé Adití Sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Ní Ẹgbẹ́ Oníròyìn wa, ẹni tí ìtàn ìgbésí ayé bá kàn lóṣù ló máa ń yan ẹni tó fẹ́ kọ nípa rẹ̀. A ti ka ti Mọrèmi, a ti ka ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, a tún ti ka ti Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti níbí yìí. Andrew Foster ni èmi yàn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín máa ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ti wọ dáńfó rí, tí ẹ rí adití méjì tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo sinimá, ẹ ti rí iṣẹ́ Foster. Púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ táwọn adití ń sọ ní Nàìjíríà lónìí, òun ló gbé e wá síbí.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú ni, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Lásìkò yẹn ní Alabama, òfin ni pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ bá ọmọ òyìnbó jókòó ní ilé-ìwé kan náà. Kì í ṣe ilé-ìwé nìkan o: ọkọ̀, ilé oúnjẹ, ẹ̀rọ omi mímu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pín sí méjì, èyí tó dáa á sì jẹ́ tòyìnbó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé wọn ò bí Foster ní adití. Ó ń gbọ́ràn dáadáa, ó ń lọ ilé-ìwé bíi tàwa náà, títí ó fi pé ọmọ ọdún 11. Ní 1936, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ ṣàìsàn meningitis, àìsàn tó máa ń mú kí ọrùn gan, tó máa ń mú ibà líle wá, tí wọ́n mọ̀ dáadáa lápá Òkè Ọya wa níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn yá, etí àwọn méjèèjì ti di.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11, ìyẹn JSS 1 wa. Lánàá ò ń gbọ́ aago ilé-ìwé, lónìí tíṣà ń la ẹnu, o ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kí adití ṣáà máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á yé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró síwájú dígí, kẹ́ ẹ sọ bàbá, kẹ́ ẹ sọ màmá, láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ètè yín á pa dé lọ́nà kan náà fún méjèèjì. Ẹni tí ò gbọ́ ohùn ò lè mọ̀ bóyá bàbá lẹ pè tàbí màmá. Ti Yorùbá tiwa yìí tún wá le jù, torí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn lẹ́nu. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí í ṣe 200, ìgbà tí í ṣe àkókò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú adití. Ẹ wá fi kún un pé bí tíṣà bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹ̀yìn ló kọ sí kíláàsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí àwọn ọmọ bá ń dáhùn ìbéèrè, kí adití tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó lè wò ó lẹ́nu, ẹni yẹn ti jókòó. Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò kíláàsì yẹn ni kò bá a mu.

Wọ́n mú Foster àti àbúrò rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, wọ́n lọ sí ilé-ìwé àwọn adití aláwọ̀ dúdú ní Talladega, ní Alabama kan náà. Ibẹ̀ ti bá wọn mu, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èèyàn á rò pé wàhálà ti tán. Kò tán. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ dúdú níbẹ̀ kì í dé òpin sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n á kọ́ ẹ níwọ̀nba, ó di kó o lọ wá iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Ilẹ̀kùn méjì ló wá tì mọ́ ọn: ọ̀kan torí etí, ọ̀kan torí àwọ̀.

Nígbà tó di nǹkan bí ọmọ ọdún 17, ó fi Alabama sílẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ pọ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ìlú Detroit. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé. Ní 1950, ó gba dípúlómà nínú ìṣirò owó àti ètò òwò ní Detroit Institute of Commerce. Sẹ́kọ́ńdírì tí wọn ò jẹ́ kó parí ńkọ́? Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé kan ní Chicago tó máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ póòsì. Ó ń kà á nílé, ó ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì rẹ̀ ní 1951. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ wò. Ó ti lé lọ́mọ ọdún 25.

Yunifásítì kan wà ní Washington tó jẹ́ tàwọn adití, Gallaudet ni wọ́n ń pè é. Láti 1864 ni Ààrẹ Abraham Lincoln ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fúnni ní oyè níbẹ̀. Adití tó bá fẹ́ kàwé dé òkè ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ lojú ẹ̀ ń wò. Foster kọ̀wé síbẹ̀, wọn ò gbà á. Ó tún kọ, wọn ò tún gbà á. Kò sí ohun tó ṣe ìwé rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ibi tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: ilé-ìwé tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún àwọn tí ilé-ìwé yòókù ò bá mu, òun náà tún ń yọ èèyàn sílẹ̀. Foster ò dákẹ́. Ní 1951 náà ni wọ́n gbà á, wọ́n sì fún un ní sìkọ́láṣípù. Ọdún mẹ́ta péré ló lò. Ní 1954 ó gboyè B.A., òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gallaudet. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ pé kò bófin mu mọ́ láti ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Foster tún gboyè kejì ní Michigan ní 1955, ó gba òmíràn nínú iṣẹ́ míṣọ́n ní Seattle ní 1956.

Ẹni tó ní irú ìwé yìí lè jókòó sí Amẹ́ríkà kó máa jẹun. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ iṣẹ́ míṣọ́n láti ìgbà tó ti wà ní Detroit. Ní 1956 ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́n kan sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, kò sí olówó ńlá kankan. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀, ó ń tọrọ owó.

Ó dé Accra ní 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira. Ó béèrè ibi táwọn ọmọ adití wà. Wọ́n sọ fún un pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí adití níbẹ̀. Mo rò pé àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́. Wọn ò rí wọn ni. Ọmọ adití kì í sí ní ilé-ìwé, kì í sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í bá ẹnikẹ́ni lọ òde. Àwọn òbí fi wọ́n pamọ́ sínú ilé torí ìtìjú, àwọn mìíràn rò pé èèwọ̀ kan ni ìdílé jẹ tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n. Foster tọrọ kíláàsì ní ilé-ìwé kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lò ó bí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn bá ti ṣíwọ́. Lọ́sàn-án ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, lálẹ́ ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé adití kan láti Amẹ́ríkà, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiwọn, ń kọ́ àwọn adití ní ìwé, ṣe ni àwọn tí wọ́n ní kò sí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú yàrá. Àyè ò gbà wọ́n mọ́. Kò pẹ́ tó fi dá ilé-ìwé tí ọmọ lè máa gbé sílẹ̀ ní Mampong, lórí òkè Akuapem.

Ní 1960 ló dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó dá Ibadan Mission School for the Deaf sílẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà yẹn. Láti oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alájàpá, ọmọ aláró, gbogbo wọn ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Ohun rere ni, bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún ọmọ tí ò gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí? Kò san owó, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Foster wá wá.

Bó ṣe ń kọ́ wọn kò le. Ó máa ń lo gbogbo ohun tó bá lè dé ojú ọmọ: àmì ọwọ́, lẹ́tà A dé Z tí wọ́n ń fi ìka ṣe, ìwé kíkọ, àwòrán, àti ẹnu náà fún ẹni tó bá lè lò ó. Ọmọ rí nǹkan, ọmọ rí àmì rẹ̀, ọmọ rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí kò ní orúkọ fún ohunkóhun rí títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ gbogbo nǹkan. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bóyá wọn ò ní adití lọ́kàn nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò síbi tó ti jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití láti ilẹ̀ òyìnbó ṣèpàdé ní Milan ní Ítálì, wọ́n fẹnu kò pé ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ adití, kí wọ́n pa ọwọ́ tì. Àwọn tó ń gbọ́ràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó dìbò níbẹ̀ o. Láti ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n ń na ọmọ adití tó bá gbé ọwọ́ sókè sọ̀rọ̀. Èrò yẹn náà dé Áfíríkà. Foster ò tẹ̀ lé e. Adití ni òun fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tó ṣiṣẹ́ fún òun. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà rẹ̀ ni pé kò fi iṣẹ́ náà sọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn nìkan. Àwọn adití tó kọ́ ló ń sọ di tíṣà. Láti àwọn ọdún 1970, Ìbàdàn wá di ibi tí àwọn adití láti ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ti ń wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, láti Tógò, láti Ilẹ̀ Olómìnira Benin, láti Cameroon, láti Chad. Wọ́n á kọ́ àmì ọwọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ Faransé, wọ́n á gbé e lọ sílé. Títí dòní, àwọn adití kan ní Kọ̀tọ̀nù ń fọwọ́ sọ èdè tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé níbí ò sì mọ̀.

Àwọn onímọ̀ kan ti bá Foster wí lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí, mi ò sì ní fi í pamọ́. Wọ́n ní kí òun tó dé, àwọn adití ibí ti ní àmì tiwọn. Ìlú kékeré kan wà ní Gánà tó ń jẹ́ Adamorobe, adití pọ̀ níbẹ̀ láti ìran dé ìran, wọ́n sì ní èdè ọwọ́ tiwọn tí àwọn tó ń gbọ́ràn níbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tí àwọn ọmọ Adamorobe lọ sí ilé-ìwé ní Mampong, tilé-ìwé ni wọ́n kọ́, tilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Àwọn adití Yorùbá àti Hausa náà ní àmì tiwọn láyé àtijọ́. Lójú tèmi, àríwísí yẹn tọ̀nà, ìyà Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n ń nà torí pé wọ́n sọ fànákúlà jọ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi pé ní 1960, ta ló wà nílẹ̀ tó fẹ́ fi àmì Yorùbá kọ́ ọmọ adití ní ìwé? Mi ò rí i.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ pírámárì, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Inú pírámárì 2 ló ti ṣàìsàn tí etí rẹ̀ di, àwọn ará ilé ò sì tètè mọ̀. Tíṣà á pè é, kò ní dáhùn, wọ́n á ní agídí ni, wọ́n á nà án. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, torí gbogbo ohun tó bá wà lójú pátákó ló ń dà kọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń kọ. Ó tún kíláàsì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ń pè é ní odi, nígbà tó yá wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń lẹ táyà. Lọ́dún tó kọjá ni ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilé-ìwé adití wà. Ìyá náà ò gbà tẹ́lẹ̀, ó ní ọmọ ti dàgbà, ojú á tì í láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Nígbà tó gbà, wọ́n fi ọmọ sí pírámárì 3. Ó wálé nígbà ọlidé Kérésì, ó ń fi ìka sípẹ́lì orúkọ gbogbo wa lójúlé, ti ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Ìyá náà wọ inú ilé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Òun ló jẹ́ kí n lọ wá ìtàn Foster kà.

Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà wa kan gbà pé kò yẹ kí wọ́n máa ya àwọn ọmọ àkàndá sọ́tọ̀, pé kí gbogbo ọmọ jọ wà ní kíláàsì kan. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019 náà fẹ́ kí ẹ̀kọ́ gba gbogbo wọn mọ́ra. Mo gbà, bí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀rọ̀ bá wà ní kíláàsì yẹn tó ń túmọ̀. Bí kò bá sí, kí ni wọ́n jọ ń ṣe pọ̀? Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkàndá ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977, wọ́n ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ bi ara yín pé mélòó ló wà ní ilé-ìwé tiwa.

Foster ò dúró sí Ìbàdàn. Ó dá ti Enugu àti ti Kaduna sílẹ̀, ó lọ sí orílẹ̀-èdè lẹ́yìn orílẹ̀-èdè. Ní 1961 ó fẹ́ Berta, adití ọmọ Jámánì tó bá pàdé níbi ìpàdé àwọn adití àgbáyé, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Ìyàwó yẹn fara da nǹkan, torí apá kan ọdún ni ọkọ rẹ̀ ń lò ní Áfíríkà, apá kejì ni yóò fi máa rìn kiri Amẹ́ríkà láti wá owó. Nígbà tí wọ́n fi máa kà á tán, ilé-ìwé 31 ló ti dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13. Gallaudet tó lé e nígbà kan pè é padà ní 1970, wọ́n fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1987, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní Rùwáńdà, ó ń lọ sí Kẹ́ńyà. Ọkọ̀ náà já. Ẹni ọdún 62 ni. Ní 2004, Gallaudet fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá kan.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa lẹ àwòrán lẹ́tà A dé Z tí àwọn adití ń fi ìka ṣe mọ́ apá òsì pátákó yìí. Àwọn SS 1 ló ń yà á lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú bírò àti ìwé wá dà á kọ.